Ẹni Tó Kọ́kọ́ Yàn

Obìnrin kan wà tó ń tọ́jú ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Màmá Ẹ-Dákẹ́, torí ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde jù nìyẹn. Bí èèyàn bá wọlé, "Ẹ dákẹ́." Bí ẹsẹ̀ àga bá ha ilẹ̀, "Ẹ dákẹ́." Wọ́n ní òjò ń rọ̀ sórí páànù lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ dákẹ́." Bóyá irọ́ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní jiyàn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ń dáná ní káńtíìnì tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Ẹ-Wọlé. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́tùlù lọ́wọ́, á máa ké sí ẹni tó ń kọjá: "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, omi ti hó." Ọyàn kan náà làwọn méjèèjì mu. Ọ̀kan ń pe èèyàn, èkejì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹ-Dákẹ́ ló mú àbúrò rẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí ọkọ àbúrò kó ẹrù rẹ̀ tí kò padà mọ́, òun ló tọ ọ̀gá àgbà lọ, ó ní àbúrò òun mọ oúnjẹ í sè, ó ní ebi ni kì í jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàwé. Wọ́n fún Ẹ-Wọlé ní àtíbàbà kan àti ààrò kan. Inú ẹ̀gbọ́n dùn lọ́jọ́ náà. Ó rò pé ẹ̀yìn òun ni yóò máa wà, bó ṣe wà láti kékeré. Kò rántí pé ẹni tí a gbé kọ́rùn ló ń ríran jù.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn yí. Wọ́n á gba iwájú ilé ìkàwé, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," wọ́n á kọjá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Ẹ-Dákẹ́ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, àkísà tó fi ń nu eruku lọ́wọ́, á máa gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn olùkọ́ tó yẹ kó jókòó sídìí ìwé ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àbúrò rẹ̀. Ìwé tí wọ́n yá lọ́dọ̀ rẹ̀ ń padà wá pẹ̀lú àmì ìdí ife tíì lórí èèpo, roboto bí òrùka. Ó máa ń fi omi díẹ̀ nu àmì náà, á máa nù ún, á máa nù ún, títí èèpo ìwé á fi bó.

Nílé pẹ̀lú, kò yàtọ̀. Ìyá wọn ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀dọ̀ Ẹ-Dákẹ́ ló ń gbé. Ẹ-Dákẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀, òun ló ń mú un lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìyá á kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò rẹ ò tíì dé?"

"Kò tíì dé, Màámi."

"Ilé yìí mà dákẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn á wọ Ẹ-Dákẹ́ lára bí abẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Egungun ọrùn obìnrin náà ti ń yọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ọ̀gá àgbà fi pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, tó ní àwọn fẹ́ kọ́lé tuntun. Ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dán, kò ṣe é bù jẹ. Kókó ibẹ̀ ni pé wọ́n máa wó ilé ìkàwé, wọ́n máa wó àtíbàbà, wọ́n á wá kọ́ ilé kan ṣoṣo tó ní apá méjì. Apá kan fún ìwé. Apá kejì fún gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́: káńtíìnì ńlá, ibi ìjókòó, ibi eré, ibi ìpàdé. Ẹ-Wọlé ló máa mójú tó ìdáná ibẹ̀.

Ayàwòrán-ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí. Ó ní òun kì í yàwòrán ilé fún ẹni tí òun ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó tẹ́ bébà fífẹ̀ kan sórí tábìlì gígùn inú ilé ìkàwé. Ó gé páálí sí wẹ́wẹ́, aláwọ̀ búlúù fún ìwé, aláwọ̀ yẹ́lò fún gbọ̀ngàn. Ó ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá tò ó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí sì ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba iṣẹ́ níbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yàn, ì báà jẹ́ tábìlì, ì báà jẹ́ yàrá, ì báà jẹ́ àsìkò ìsinmi. Ẹni tó bá sì ti yàn, ó ti yàn. Wọn kì í yàn lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀.

Látìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Ẹ-Dákẹ́: iwájú. Ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kọ́kọ́ rí ìwé, kó kọ́kọ́ rí òun, kó tó gbóòórùn àlùbọ́sà. Bó bá ń to ìwé, iwájú. Bó bá ń fọ aṣọ ìyá rẹ̀, iwájú. Bí àbúrò bá wà níwájú nínú ilé tuntun náà, ó parí. Òun á di ẹni tí wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé obìnrin yẹn ṣì wà níbí?"

Ọjọ́ yíyàn pé. Wọ́n yí tábìlì ká: ọ̀gá àgbà, ayàwòrán-ilé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ìgò ojú Ẹ-Dákẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi okùn so ó kọ́. Kò fi sójú. Àbúrò rẹ̀ kì í lo ìgò, kò sì fẹ́ kí wọ́n wo àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n sọ pé ọ̀kan ti gbó.

Ọ̀gá àgbà ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé. Ẹ yàn."

Ayàwòrán-ilé ní, "Kí ẹ tó yàn, Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Ìlà pupa tí ẹ ń wò yìí, òun ni…"

"Ẹ dákẹ́ ná, ọmọ mi." Ẹ-Dákẹ́ gbọ́wọ́ sókè. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ yìí. Ṣé orí bébà lo ti fẹ́ wá júwe rẹ̀ fún mi?"

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán-ilé dá pẹ́ńsùlù padà sí etí.

Ẹ-Wọlé la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá jẹ́ kó…"

"Ìwọ náà, dákẹ́."

Ó dákẹ́.

Ẹ-Dákẹ́ kó páálí búlúù, ó tò ó sí ìhà géètì, lábẹ́ ibi tí igi ńlá ń ṣíji bò. Ibẹ̀ lòun ti ń wọlé láti ọjọ́ tó ti dé. Ibẹ̀ ni iwájú. Ohùn rẹ̀ wá dùn bí oyin. "Ìwé ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ariwo ò sì dáa fún ẹni tó ń kàwé. Kí àbúrò mi máa lọ sọ́hùn-ún, níbi igbó yẹn. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Èéfín á ríbi gbà." Ó sì fi ìka kan ṣoṣo ti páálí yẹ́lò lọ, bí ẹni ń ti aáyán kúrò lórí tábìlì.

"Ìwọ ńkọ́?" Ọ̀gá àgbà yíjú sí àbúrò. "Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ẹ-Wọlé wo bébà náà, ó wò ó pẹ́. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti yàn fún mi," ló wí, "ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Ẹ-Dákẹ́ ń kọrin bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dùn mọ́ ọ nínú tó báyìí?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

"Iṣẹ́ kẹ̀! Iṣẹ́ tó ń kọrin."

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi wọ igbó náà pẹ̀lú àdá. Ẹ-Dákẹ́ ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ibi ìdáná ni wọ́n ń ṣán. Àmọ́ wọ́n ṣán an kọjá ibi ìdáná. Katakata dé. Wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n ń na okùn. Ó lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ìyẹn.

"Bàbá, ṣé torí ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tú gbogbo igbó yìí?"

"Ìkòkò ọbẹ̀ kẹ̀! Ọ̀nà ni, Màmá. Títì tuntun tí ìjọba ń là bọ̀, ẹ̀yìn ibẹ̀ ló máa gbà. Ibẹ̀ ni géètì ńlá máa wà. Mo ti lọ wo yàrá tí wọ́n máa kọ́ fún mi. Wọ́n ní fáànù máa wà níbẹ̀!"

"Èyí tí a wà yìí wá ńkọ́?"

"Wọ́n máa mọ ọ́n pa ni. Ẹ̀yìnkùlé ni ibí máa dà." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ẹ̀yin àti ewúrẹ́ lẹ ó jọ máa wo ara yín."

Ẹ-Dákẹ́ padà sínú ilé ìkàwé. Bébà náà ṣì wà lórí tábìlì. Ó fi ìgò sójú, ó sún ojú mọ́ ọn. Ìlà pupa náà wà níbẹ̀, gbọọrọ, láti etí dé etí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí yẹ́lò. Ó yọ ìgò, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ìlà ò kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka ti àbúrò rẹ̀ bọ́ síwájú.

Bí ìyẹn bá mọ bẹ́ẹ̀, ì bá sàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ẹ-Wọlé dé sílé pẹ̀lú búrẹ́dì. Kò tíì gbé e kalẹ̀ tó fi kúnlẹ̀ sí àárín ìyá àti ẹ̀gbọ́n.

"Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ilé tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún èmi àbúrò wọn, wọ́n gba ẹ̀yìn."

Ìyá wọn na ọwọ́, ó ń wá orí Ẹ-Dákẹ́, ó rí i, ó gbé ọwọ́ lé e. "Àkọ́bí mi. Mo ti máa ń rò ó nínú ara mi pé ọkàn rẹ le. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn. Iwájú tí o fi fún ọmọ ìyá rẹ, iwájú ni wàá máa wà níbi gbogbo."

"Àmín," ni Ẹ-Dákẹ́ wí. Àmín náà korò bí egbòogi.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti yí. Kò sí àlejò tó wọlé tí kò sọ ọ́ fún. Bí oòrùn bá ń wọ̀, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ló ń pè. Ohun tí Ẹ-Dákẹ́ ti ń wá láti kékeré dé wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ̀wù àbúrò rẹ̀ ló wọ̀ wá. Kò ṣe é jẹ, kò ṣe é tu.

Ó fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. Ó wá ayàwòrán-ilé lọ sí àgọ́ tí wọ́n pa fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata.

"Ọmọ mi, ṣé àyè wọ̀nyẹn ṣì ṣe é pààrọ̀?"

"Ó ṣe é ṣe, Màmá. A ò tíì da kọnkéré. Ṣùgbọ́n ẹ ti yàn, ẹ sì mọ òfin ibí jù mí lọ." Ó họ orí. "Bí àbúrò yín bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ọ̀gá, nípàdé tó kẹ́yìn, pé òun gbà, màá yí i."

Ni Ẹ-Dákẹ́ bá gba ẹ̀yìn lọ. Kò jókòó rí nínú àtíbàbà yẹn. Bó ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ́ láti ìdí tábìlì: "Ẹ dákẹ́ o." Ni ẹ̀rín bá bú.

"Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, ẹ ní kíláàsì," ni Ẹ-Wọlé wí fún wọn. Wọ́n jáde. "Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó. Ṣé kí n po tíì?"

"Mi ò mu tíì. Mo fẹ́ ká pààrọ̀ àyè."

"Àyè wo?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kí ìwé bọ́ sí ìhà igbó, kí oúnjẹ bọ́ sí ìhà igi."

Ẹ-Wọlé mú ife kan, ó ń nù ún. "Ṣebí ẹ ní ìwé ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ wà níbi gbogbo."

"Èéfín ńkọ́? Ẹ ní kó ríbi gbà."

Ẹ-Dákẹ́ wá wò ó lójú dáadáa. "O ti mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Ibi tí títì máa gbà. O ti mọ̀ kí n tó yàn."

Ẹ-Wọlé gbé ife náà kọ́ sórí ìṣó. "Ayàwòrán-ilé mu tíì níbí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Omi dà sórí tábìlì, ó fi ìka ya gbogbo rẹ̀ sínú omi náà fún mi. Mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ní kí n dákẹ́."

"O wá lọ kúnlẹ̀ níwájú Màámi, ò ń dúpẹ́!"

"Ṣé ẹ ò fún mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó fi ń pe oníbàárà. Ẹ-Dákẹ́ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Èmi ni mo mú ọ wá síbí o! Bí kì í bá ṣe èmi ńkọ́?"

"Ẹ mú mi wá, ẹ fi mí sẹ́yìn." Ohùn àbúrò lọ sókè. "Aṣọ yín tó ti gbó ni mo wọ̀ dàgbà. Bàtà yín ni mo wọ̀, tó ń bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ilé-ìwé tí wọ́n rán yín lọ, nígbà tó kàn mí, bàbá wa ní ọmọ kan tó mọ̀wé ti tó nínú ilé. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni inú ń bí? Ojoojúmọ́ ni mò ń wò yín tí ẹ ń gbé ìwé láyà bí ọmọ tuntun. Àwọn olùkọ́ ń pè yín ní Màmá. Ẹ-Wọlé ni wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá gbàgbé ìwé sórí bẹ́ǹṣì mi, màá ṣí i, màá wò ó, màá pa á dé. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo máa ń gbé ife tíì lé e lórí ni."

Kò wá sí Ẹ-Dákẹ́ lọ́kàn rí láyé pé ẹnì kan lè máa jowú òun. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ó tijú pé ó dùn mọ́ òun, síbẹ̀ ó dùn.

"Ṣé wàá gbà?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ ti yàn, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kì í yàn lẹ́ẹ̀mejì níbí."

Ìpàdé tó kẹ́yìn dé. Wọ́n tún yí tábìlì ká. Ọ̀gá àgbà ní, "Màmá, ṣé ẹ fara mọ́ ọn bó ṣe wà yìí? Bí ẹ bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di kọnkéré nìyẹn."

Ẹ-Dákẹ́ lè sọ ọ́. Ó lè ní àbúrò òun mọ̀, ó sì fi í pa mọ́ fún òun. Ọ̀gá lè gbọ́, ó lè yí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á délé. Ìyá á gbọ́ pé iwájú tí àkọ́bí òun fi sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀ rárá. Ọwọ́ tó wà lórí rẹ̀ á kúrò. Àbúrò rẹ̀ ń wò ó láti òdìkejì tábìlì, kò ṣẹ́jú, òun náà mọ gbogbo ìṣirò yẹn.

"Mo fara mọ́ ọn," ni Ẹ-Dákẹ́ wí.

"Ó dáa," ni ayàwòrán-ilé wí. "Ó ku nǹkan kan. Ògiri àárín. Ṣé kí n mọ ọ́n pa pátápátá, àbí kí n fi gíláàsì sí i? Gíláàsì tó nípọn ni o. Ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Ẹ ó kàn máa rí ara yín ni."

"Ẹ mọ ọ́n pa," ni Ẹ-Wọlé yára wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ máa rí wa."

Ẹ-Dákẹ́ fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá rí ara rẹ̀ nínú yàrá náà, lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ògiri funfun. Òdìkejì ń kún, kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Kò mọ olùkọ́ tó jókòó, kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò mọ bí àbúrò òun ṣe dúró, aṣọ tó wọ̀, bóyá ó sanra, bóyá ó rù. Ojú tí ò bá rí nǹkan, ọkàn ló ń bá a yà á, ọkàn kì í sì í yà á kéré.

"Ẹ fi gíláàsì sí i," ló wí.

Gbogbo wọn wò ó.

"Kí lẹ fẹ́ máa wò?" ni àbúrò rẹ̀ béèrè.

"Ìwọ."

Ẹ-Wọlé yíjú sí ayàwòrán-ilé. "Ẹ jẹ́ kó fẹ̀, ọ̀gá. Èmi náà fẹ́ máa rí wọn."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ìjà. Ó fa ìlà méjì, ó fi ààyè gíláàsì sáàárín wọn. "Ibo ni kí n gbé tábìlì yín sí, Màmá?"

Ẹ-Dákẹ́ fi ìka kan ibi kan lórí bébà, tó sún mọ́ ìlà náà pẹ́kípẹ́kí. Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́ tirẹ̀ láti òdìkejì, ó fi ìka kan ọ̀kánkán ibẹ̀, ní ìhà kejì ìlà náà.

"Ààrò mi rèé," ló wí.

Ayàwòrán-ilé kọ méjèèjì sílẹ̀.